Wáyà Pupa Lára Ìṣó

Irọ́ mẹ́ta ló wà lórí pósítà tí wọ́n fi kéde ikú bàbá mi àgbà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé wa, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná, wọ́n tún lọ lẹ ọ̀kan mọ́ igi kan lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, igi tí kò mọ ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí wa. Irọ́ kìíní: wọ́n pè é ní Olóyè. Bàbá kò joyè rí. Nígbà tí wọ́n fi oyè lọ̀ ọ́, ó bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni olóyè náà máa ń ṣe. Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Irọ́ kejì: wọ́n pè é ní Ẹnjinníà. Ìwé mẹ́fà ni Bàbá kà, lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìbàdàn. Irọ́ kẹta ló dùn mí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ọjọ́ ìsìnkú tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pósítà náà, ẹnì kan ti fi bírò gé e, ó kọ òmíràn sí i. Ìyá àgbà ló pàṣẹ. Èmi ni mo ni bírò.

Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ń pè é ní Bàbá Ṣílà. Ṣílà ni ẹ̀rọ ńlá tó ń mú omi tutù ní ilé iṣẹ́. Ó máa ń tún àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń mú nǹkan tutù ṣe pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní onífíríìjì, á dáhùn, ojú rẹ̀ á sì yí padà bíi ti bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní kó wá lu agogo. Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí nípa rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Kì í gba ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu sọ gbọ́ títí yóò fi fọwọ́ kan án. Bí o bá ní ibà ń ṣe ọ́, á fọwọ́ kan ọrùn rẹ. Bí Ìyá àgbà bá ní ọbẹ̀ ti tutù, á fọwọ́ kan ìkòkò. Bó bá wọ ilé iṣẹ́ kan, kò ní kí ọ̀gá ibẹ̀ kó tó lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù, tí yóò di ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń gbàdúrà fún aláìsàn.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tó ṣàlàyé ṣílà fún mi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wàrà dídì ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹmùré, níbi tó ti ń mójú tó ẹ̀rọ.

"Omi ló ń ṣe uṣẹ́, Dúpẹ́," ó wí. Bó ṣe ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́ nìyẹn, tó ń pe ilé ní ulé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìkẹ́rẹ́. "Omi tútù á jáde níbí, á lọ yí àgbá wàrà ká, á gba ooru ara wàrà, á gbé e padà wá. Gáàsì á gba ooru náà lọ́wọ́ omi, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á ti gáàsì lọ síta láti lọ da ooru náà nù. Omi á tún jáde lọ."

"Ta ló ń sọ fún kọ̀mpírẹ́sọ̀ pé omi ti tutù tó?"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó ní nǹkan kékeré kan wà nínú páìpù tó ń fọwọ́ kan omi ní gbogbo ìgbà. Bí omi bá tutù dé dígírì méje, á ní ó tó, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á gé. Bí omi bá gbóná dé mẹ́wàá, á ní ó yá, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á tàn. Ìyẹn ni ti ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n èkejì wà tó jẹ́ olùṣọ́. Òun kì í dá sí nǹkan kan. Àfi ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́, tí omi bá tutù dé mẹ́rin: á pa kọ̀mpírẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní jẹ́ kó tàn mọ́ àfi bí ènìyàn bá wá fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Bí kò bá pa á ńkọ́?"

"Omi á di yìnyín. Yìnyín a máa wú. Páìpù bàbà tó wà nínú ibẹ̀ kò nípọn, á ya. Omi á wọ inú gáàsì, á dé inú kọ̀mpírẹ́sọ̀." Ó gbọn ọwọ́ méjèèjì nù, bí ẹni tó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lọ́wọ́. "Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò dúró, Dúpẹ́, kò tíì mọ uṣẹ́."

Nínú ilé Bàbá Ṣílà, kò sí fíríìjì. Omi àmù la ń mu. Ìyá àgbà bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí ìyá mi títí di ìgbà tí wọ́n bí mi.

"Gbogbo ayé ń mu omi tútù tí ọkọ mi ṣe," Ìyá àgbà á ní, "èmi ń mu omi àmù bí ìyàwó ọdẹ."

"Omi àmù tutù."

"Kò tutù!"

"Ìwọ ló ń gbóná."

Ìyá àgbà á wá máa rẹ́rìn-ín, á sì máa bínú pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ fún àwọn àlejò pé kí Bàbá tó fẹ́ òun ló ti fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀, pé òun kàn bá ìyáálé nílé ni. Nígbà tí mo bi Bàbá ní tirẹ̀, ó ní: "Ẹni tó bá fi ojúmọmọ gbọ́ ariwo kọ̀mpírẹ́sọ̀, kò yẹ kó tún gbé e wọ yàrá."

Ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ra ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó dáwó sára mábù, wọ́n gbé mábù náà sí ibi tí ojú á ti tètè rí i ju àgbélébùú lọ. Wọ́n ní kí Bàbá wá to ẹ̀rọ. Ó tò ó sí dígírì márùndínlọ́gbọ̀n, ó sì yọ bátìrì kúrò nínú gbogbo rìmóòtù. Àlùfáà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti Adó, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀.

"Wọ́n á mọ̀," Bàbá dáhùn, "torí wọn ò ní làágùn."

"Bàbá, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n lára."

"Àlùfáà, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ̀n, ẹ wàásù."

Ó gé. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn. Bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá dá ara rẹ̀ dúró nítorí pé omi ti tutù tó, á ní, "Ó gé." Bó bá jẹ iyán dé ibi kan, á fọ ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèlè mẹ́rin ṣì kù nínú abọ́, tí ẹran sì wà lórí rẹ̀. "Ó ti gé." Bí ẹmu bá di igbá kejì, ó ti gé. Bí òun àti Ìyá àgbà bá ń jà tí ó sì kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà di èyí tí ènìyàn kò lè kó padà, á dìde, á mú fìlà: "Ó ti gé." Mo kà ní yunifásítì nípa àwọn ènìyàn tó fi odindi ìgbésí ayé wọn wádìí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí wọ́n kú láìrí i. Bàbá mi àgbà rí i nínú iyán. Mo bi í nígbà kan pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó tó. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. "Ibi tí mo fi í sí nìyẹn."

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tèmi nìkan. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọn kì í tàn án lójú ẹsẹ̀. Gáàsì inú rẹ̀ ṣì ń jà. Ó gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á fi àyà gba ẹrù tí kò yẹ kó gbé. Bàbá á bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi. Òun á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ, èmi á máa ka ìṣẹ́jú sókè. Ní ilé iṣẹ́ wàrà yẹn, àwọn ọ̀gá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pòṣé, wọ́n á ní kí ló ń dá wa dúró. Kò ní gbé ọwọ́ kúrò. Bó bá pé, màá ní, "Márùn-ún." Òun á ní, "Ó yá, tàn án," èmi ni màá sì tẹ̀ ẹ́. Ọdún tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, tí mo sunkún tí mo ní ọ̀la ni màá tún lọ forúkọ sílẹ̀, ó bọ́ aago náà, ó fi sí iwájú mi lórí tábìlì. "Jókòó tì í ná. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń pa tí wọ́n ń tàn kì í dàgbà."

Ní pálọ̀ wa, níbi tí àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé ìwé ẹ̀rí kọ́, wáyà pupa kan ló wà lára ìṣó. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Gbogbo àlejò ló máa ń bèèrè rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wàrà yẹn ló ti wá. Olóyè kan ló ni ín, ẹni tó tún jẹ́ Dókítà, kì í ṣe èyí tó ń fúnni lábẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe èyí tó ń kọ́ni níwèé. Nígbà tó fẹ́ ṣí apá tuntun tó kọ́ mọ́ ilé iṣẹ́ náà, ó ké sí àwọn ènìyàn pàtàkì. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, ó wá bá Bàbá ní ẹ̀yìn ilé níbi tí ṣílà wà.

"Bàbá, mo fẹ́ kí wàrà ọ̀la tutù débi pé á dun àlejò léyín."

"Olóyè, àwọn ló ni eyín, èmi ni mo ni páìpù. Omi mi ò ní dín ní mẹ́rin."

Ọmọ àbúrò Olóyè wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, Ẹnjinníà ni òun ní tòótọ́. Òyìnbó tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gùn ju gbogbo páìpù ilé iṣẹ́ lọ. Kò bá Bàbá jiyàn. Nígbà tí Bàbá lọ sílé, ó sọ tẹmọsítáàtì, nǹkan kékeré tó ń fọwọ́ kan omi yẹn, kalẹ̀. Olùṣọ́ pa ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnjinníà sì fi wáyà pupa kékeré kan so ẹnu olùṣọ́ pọ̀, kí ó má lè pa á mọ́.

Mo bá Bàbá lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti ta kánópì, àwọn àlejò ti jókòó, ẹnì kan ti ń ka oríkì Olóyè látorí ìwé. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù, ó sì gbé e kúrò kíákíá bí ẹni tí iná jó. Yìnyín funfun ti ń hù lára rẹ̀ bí òwú. Ó ṣí àpótí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó rí wáyà. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó pa kọ̀mpírẹ́sọ̀, ó jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí omi kí yìnyín lè yọ́, ó já wáyà náà, ó fi í sápò.

Ìdákẹ́jẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò kí Olóyè tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ta ló pa ẹ̀rọ mi?"

"Èmi ni."

"Tàn án!"

"Yóò tó wákàtí mẹ́ta kí yìnyín tó yọ́ tán."

"Bàbá, o fẹ́ dójú tì mí níwájú àwọn ènìyàn yìí?"

"Olóyè, ojú á padà bọ̀ sípò. Páìpù kì í padà."

Ibẹ̀ ni Olóyè ti lé e, níwájú gbogbo àlejò, ó sì nawọ́ sí géètì. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ni wàrà ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ àbúrò Olóyè ní, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ lọ́wọ́ bàbá arúgbó yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń dá ara rẹ̀ dúró. Bàbá yíjú sí i, kò bínú. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ tó dá ara rẹ̀ dúró kò bàjẹ́. Ẹni tí kò jẹ́ kó dúró ló bà á jẹ́."

Kò pé oṣù kan tí wọ́n tún fi wáyà mìíràn so ó. Páìpù ya, omi wọ inú gáàsì, kọ̀mpírẹ́sọ̀ kú. Àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún tó ń di wàrà sínú ọ̀rá lọ jókòó sílé. Olóyè wá sí ilé wa, láìsí ẹni tó ń ka oríkì rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí adìyẹ máa ń sùn sí. Bàbá mú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó lé ọ bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu ni o fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ fún?"

"Àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún yẹn kọ́ ló so wáyà."

Ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù. Ìyá àgbà ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà ní ilé ìwòsàn tó tóbi ju ìyẹn lọ wà ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n lè gbìyànjú níbẹ̀. Èmi àti Bàbá nìkan ló wà nínú yàrá nígbà tí dókítà jáde. Oòrùn òwúrọ̀ wà lórí ibùsùn. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, bí ó ti ń gbé tirẹ̀ lé páìpù.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"Ó ti gé, Dúpẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi wáyà so mí."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí. Ó ní mọ́ṣúárì tí wọn yóò gbé òun lọ, òun ti tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ilé fún un ní abúlé kí wọ́n tó lè sin ín. "Òkú ni, ó ń dúró de páánù." Ó ní kí n má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ fún òun. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní òun ò ní kí n gbọ́, ṣé màá ṣe é? Mo ní màá ṣe é. Ó di ojú rẹ̀. "Òtútù tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe uṣẹ́ rẹ̀, mi ò fẹ́ kó di ulé mi."

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tó kú, Dádì Àbújá pe ìpàdé ẹbí. Òun ni àkọ́bí Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti tẹ ètò ìsìnkú sórí ìwé, ó pín in fún wa bí ìwé orin. Oṣù mẹ́ta. Ilé gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà, fàráńdà gbọ́dọ̀ gba tàìsì, òrùlé gbọ́dọ̀ di tuntun, nítorí àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀. "A ò lè sin Bàbá jáde láti inú ilé tí ọ̀dà ògiri rẹ̀ ń ṣí." Gbogbo wọn mi orí.

Èmi ńkọ́? Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nínú ìwé ìròyìn ni kí n máa fi àwọn olóyè, àwọn àlùfáà àti àwọn oníkánópì ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹnu mi mú. Lọ́jọ́ náà, mo rántí pé ọmọ ọmọ kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọmọ bá wà. Mo rántí pé Dádì Àbújá ló rán mi lọ yunifásítì. Mo ní màá bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Mo wo fóònù mi. Kò sí nǹkan kan lórí fóònù náà. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá níwájú mi bí ọkọ̀ tó yẹ kí n wọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Dádì Àbújá pè mí. Pósí tó ní gíláàsì lójú ló fẹ́ rà, wọ́n sì ń bèèrè ìwọ̀n. "Dúpẹ́, jọ̀ọ́, bá mi lọ wọn Bàbá." Mo mú téèpù, mo lọ.

Mo gbọ́ ẹ̀rọ náà láti ẹnu géètì. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀. Mò ń retí kó gé. Kò gé. Ẹni tó ń mójú tó ibẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Súlè, jáde wá pàdé mi. Dípò kí n sọ ohun tí mo bá wá, mo ní:

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yín yìí kì í gé ni?"

"Ó máa ń gé tẹ́lẹ̀. Tẹmọsítáàtì rẹ̀ ló kú. Ẹnì kan bá wa so ó. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé."

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Yìnyín ti wé páìpù, ó nípọn tó itan ọmọdé. Bọ̀ọ̀dá Súlè ní inú kò tiẹ̀ wá tutù bó ṣe yẹ mọ́, yìnyín ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ó ṣí àpótí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ hàn mí. Wáyà pupa.

"Bàbá kan ló ń bá wa tún un ṣe," ó wí. "Bàbá Ṣílà. Kò jẹ́ jẹ́ kí wọ́n so wáyà. Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá, kò wá mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní Súlè ní kó yára dìde, ẹ̀rọ rẹ̀ ń wá a."

 Mo na ìwé tí wọ́n fi rán mi sí i.

"Olóyè Ẹnjinníà?" Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Olóyè tó wà ní nọ́ńbà méje? Èmi ò sí níbí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn dé. Wọ́n ti wé wọn kí n tó..."

"Kì í ṣe olóyè, Bọ̀ọ̀dá."

Ó wò mí lójú. Ó wo ìwé. Ó ṣí fìlà kúrò lórí. "Inú ibí yìí? Bàbá Ṣílà? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa gbálẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́, kí n má kí wọn!"

Irọ́ kẹta tó wà lórí pósítà nìyí: wọ́n kọ ọ́ pé ó ti lọ sinmi. Ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ gan-an kò sinmi.

Mo na ọwọ́ sí wáyà náà. Ṣùgbọ́n tẹmọsítáàtì ti kú. Bí mo bá já a, ẹ̀rọ á dákẹ́, Bàbá sì wà nínú ibẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń dúró de páánù. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Ohun tí Bàbá ṣe níwájú odindi kánópì, mi ò lè ṣe é níwájú Súlè nìkan. Mi ò wọn ọ́n. Mo lọ sílé.

Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ó sọ fún ọ?"

"Ó sọ fún mi, Mámà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"O sì jókòó ní ìpàdé, ò ń wo fóònù. Mo rí ọ. Mo rò pé ẹkún lò ń fi pamọ́." Ó da ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́, díẹ̀díẹ̀. Mo dúró kí ó bú mi. Ì bá sàn. "Ó ti gé," ó ní. "Gbé fóònù náà wá, kó ṣe iṣẹ́ kan."

Ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tó ń pè é ní kékeré. "Ayọ̀délé. Ọjọ́ Ẹtì yìí la ó sin bàbá rẹ."

"Mámà! Wọn ò tíì lẹ tàìsì dé ìdajì! Pósítà ti jáde!"

"Dúpẹ́ ní bírò."

"Àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀, Mámà, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Kí wọ́n wá kí mi. Èmi ni mo kù."

 Nínú fóònù, mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí: Dádì Àbújá ń sunkún. "Mo kàn fẹ́ kó dára ni, Mámà. Mi ò wálé tó nígbà tó wà láyé. Mo kàn fẹ́ kó dára."

"Ó ti dára tó," Ìyá àgbà wí. "Dúró síbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ Bàbá. Tẹmọsítáàtì tuntun kan wà ní ìsàlẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára rẹ̀: MỌ́ṢÚÁRÌ. Ó ti mọ̀ pé èyí tó wà níbẹ̀ ń kú lọ. Bàbá ló kọ́kọ́ kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú pósí pákó lásán, Bọ̀ọ̀dá Súlè pa ẹ̀rọ náà. Ìdákẹ́jẹ́ tó dé bá wa, mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ ọ rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó já wáyà pupa, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ara ìṣó ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkínní. Ó de tẹmọsítáàtì tuntun tí mo mú wá mọ́ ọn bó ṣe máa ń rí Bàbá tó ń ṣe é, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì.

"Ẹ dúró," mo wí. Aago Bàbá wà lọ́wọ́ mi. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Bọ̀ọ̀dá Súlè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ, kò bèèrè ìdí. Nígbà tó pé, kò sí Bàbá tí màá sọ "Márùn-ún" fún, nítorí náà èmi náà ni mo sọ gbólóhùn kejì: "Ó yá, ẹ tàn án." Ó tàn fún àwọn tó kù.

A sin ín sí iwájú ilé. Tàìsì dé ìdajì fàráńdà, ibi tó kù jẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ẹsẹ̀ Bàbá ti fá dán. Kí wọ́n tó gbé e sọ̀kalẹ̀, Dádì Àbújá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pósí náà, ó di ojú rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán, tí Àlùfáà ti ṣe oore-ọ̀fẹ́, tí àwọn ènìyàn ti ń lọ síbi oúnjẹ, mo wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún pé láti ìgbà tí wọ́n ti bò ó.

Mo dúró títí ó fi di ìṣẹ́jú mẹ́fà.